A Kì Í De Bóòtù Ẹsẹ̀ Mọ́tò Nígbà Tí Ẹsẹ̀ Bá Ṣì Ń Rọ̀ Nínú Afẹ́fẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága àti Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Wa

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, Bàbá Alága àti gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní mẹkáníìkì fílẹ́ẹ̀jì wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oòrùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa béèrè pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ilé fi di ti ìta. Ẹ má bínú. Mo ti sọ ọ́ nílé, pé bí a ṣe ń de bóòtù nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá ń rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ló ń ba ẹsẹ̀ mọ́tò oníbàárà jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dìde ní ìpàdé. Ní àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ owó òkú ló gba gbogbo àkókò mọ́ wa lọ́wọ́. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n kan sì ní ìwé ló ń dà mí láàmú, pé mẹkáníìkì tó bá ń kàwé jù, ọwọ́ rẹ̀ kì í dọ̀tí mọ́. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, mo sì rí i pé kò kan àwa nìkan. Àwọn tó ń gbé mọ́tò wá bá wa náà yẹ kí wọ́n gbọ́, nítorí àpò tiwọn ló ń jò.

Corolla kan ló fà á. Ìyá olùkọ́ kan ló ni ín, Corolla 2005, aláwọ̀ eérú, inú rẹ̀ mọ́ ju pálọ̀ mi lọ. Ìyá náà wọlé ní àárọ̀ Sátidé kan. Wọn ò kọ́kọ́ ro ẹjọ́ kankan fún mi. Wọ́n ṣí búùtù, wọ́n mú ọ̀rá dúdú kan jáde, wọ́n sì tú u sórí tábìlì mi. Búṣìn lower arm mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ìyẹn rọ́bà onírin tó wà níbi tí lower arm, apá irin ìsàlẹ̀ tó di wíìlì mú, ti so mọ́ ara mọ́tò: tọ̀tún tòsì, ìgbà mẹ́ta láàárín ọdún kan.

"Ọ̀gá," wọ́n ní, "ẹ bá mi wò ó. Ṣé èmi ni mi ò mọ mọ́tò wà ni, àbí wọ́n ń fi mí jẹun?"

Mẹkáníìkì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mọ́tò náà. Ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ: ayédèrú ni wọ́n tà fún yín, Mà, ọjà Ṣáínà ni. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyá fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé Gate, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò n'Íbàdàn níbí, wọ́n ra ojúlówó, èyí tí ẹni tó bá gbọ́ iye rẹ̀ á kọ́kọ́ wá ibi jókòó sí. Oṣù mẹ́rin péré, ó tún ti bẹ̀rẹ̀: kó, kó, kó, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, nígbàkígbà tí táyà bá wọ kòtò.

Mo mú búṣìn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé e sí oòrùn. Rọ́bà tó ti gbó, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Á gan, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, ara rẹ̀ á sán káàkiri bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúdú, wọ́n rọ̀, tí o bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, á wọlé á sì padà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti já kúrò lára irin àárín, olówó ńlá àti olówó pọ́ọ́kú. Tí ojúlówó àti ayédèrú bá kú irú ikú kan náà, kì í ṣe ọjà ló yẹ ká kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọwọ́ ló yẹ ká wò.

Mo ní "ọwọ́", mi ò sì yọ tèmi kúrò níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni èmi náà fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. A ó ta jáàkì sábẹ́ mọ́tò, a ó yọ táyà, ẹsẹ̀ á máa rọ̀ dirodiro. A ó tú lower arm sílẹ̀, a ó lu búṣìn àtijọ́ jáde, a ó ti tuntun wọlé, a ó gbé lower arm padà síbẹ̀, a ó sì de gbogbo bóòtù kó le gbagidi, kí ẹsẹ̀ ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. A ó dá táyà padà, a ó já jáàkì sílẹ̀, a ó nu ọwọ́, a ó gbowó. Gbogbo rẹ̀ ló dára àfi ìgbà tí a de bóòtù yẹn.

Ẹ bá mi mú búṣìn kan lọ́wọ́. Ohun mẹ́ta ló wà lára rẹ̀: òrùka irin ìta tó há sínú lower arm, rọ́bà, àti páìpù irin kékeré láàárín, èyí tí bóòtù ń gbà inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wo ẹnu páìpù kékeré yẹn. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ óò rí eyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé sí i. Eyín yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Nígbà tí ẹ bá de bóòtù, ṣe ni ó máa bu irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ, tí páìpù ò fi ní yí mọ́. Rọ́bà sì ti lẹ̀ mọ́ páìpù náà láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, ó lẹ̀ mọ́ òrùka ìta pẹ̀lú. Ìyẹn ni pé nígbà tí lower arm bá ń lọ sókè sódò, kò sí irin tó ń yí lórí irin níbẹ̀. Rọ́bà ló ń lọ́, tó tún ń padà sáyè rẹ̀. Ibi tí ẹ bá sì ti de bóòtù, ibẹ̀ ni rọ́bà á máa pè ní ilé títí ọjọ́ tí ẹ óò fi tún un tú.

Mo fi tépù wọn ti ìyá yìí. Láti àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà, 37 cm ni nígbà tí mọ́tò dúró nílẹ̀. Nígbà tí mo ta jáàkì tí ẹsẹ̀ rọ̀, ó di 46 cm. Ìyàtọ̀ 9 cm nìyẹn. Ẹni tó bá de bóòtù ní 46 ti sọ fún rọ́bà pé 46 ni ilé. Tí ó bá wá já jáàkì, mọ́tò á jókòó sí 37, rọ́bà á sì ti lọ́ kí táyà tó yí ẹyọ kan. Ìyá á gbé mọ́tò sílé lálẹ́, wọ́n á sùn; rọ́bà ò ní sùn, ó ṣì wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ di àárọ̀, bí ẹni tí ọrùn rẹ̀ wọ́ lórí ìrọ̀rí tí kò sẹ́ni tó jí i. Ọjọ́ tí táyà bá wá gun òkè bọ́ǹpù, lílọ́ á gorí lílọ́. Kò sí rọ́bà Japan tàbí ti ibikíbi tí wọ́n ṣe fún irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ò purọ́ fún mi o. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ bí ẹni pé mò ń bú àgbà. Ìjàpá Volkswagen ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn náà Pijó 504, láyé ìgbà tí wọ́n ń to ìjàpá pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó, tí wọ́n sì ń to Pijó ní Kàdúná, láti ọdún 1975. Iwájú ìjàpá, gíríìsì ló ń jẹ. Àwọn àgbà inú wa á rántí ihò kékeré tí a máa ń fi ẹnu gọ́ọ̀nù gíríìsì bọ̀, tí a ó tẹ̀ ẹ́ títí gíríìsì dúdú á fi jáde tí tuntun á sì tẹ̀lé e. Níbẹ̀, apá ń yí nínú gíríìsì. Ibi yòówù kí ẹsẹ̀ wà nígbà tí o dè é, kò kàn án, nítorí kò ní ilé tó fẹ́ padà sí. Ọ̀gá mi mú àṣà tó tọ̀nà lára ìjàpá, wọ́n gbé e fún mi, èmi sì gbé e lọ sára Corolla. Mọ́tò ló yí padà lábẹ́ wa, a ò sì bá a yí.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyí. Ilé iṣẹ́ kan gbà mí fún oṣù mẹ́fà láti dúró fún mẹkáníìkì wọn tó ṣàìsàn. Wọ́n ní ìwé àtúnṣe tí Toyota ṣe, ìwé ńlá, epo ti kún ojú ewé rẹ̀. Mo ṣí i kí n lè rí ibi tí bóòtù kan wà, ojú mi sì bọ́ sí i pé kí n kọ́kọ́ de bóòtù lower arm díẹ̀, kí n dá táyà padà, kí n já mọ́tò sílẹ̀, kí n ti iwájú rẹ̀ sókè sódò lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ẹsẹ̀ lè jókòó, kí n tó wá dè é délẹ̀. Mo pòṣé. Mo ní òyìnbó fẹ́ràn kí iṣẹ́ pẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ò jẹ́ kí n fò ó, mo ṣe é pẹ̀lú ìbínú. Mọ́tò tí mo fi ìbínú ṣe yẹn ò padà wá fún búṣìn ní gbogbo oṣù mẹ́fà tí mo fi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà tó ń gbà lójoojúmọ́, ẹ̀yin náà ń gbà á.

Mo ti gbọ́ èsì tí ẹ máa fún mi: "Àwa ò ní ẹ̀rọ tó ń gbé mọ́tò sókè." Èmi náà ò ní. Kòtò tí a gbẹ́ sílẹ̀ láti fi wọ abẹ́ mọ́tò la ní. Ẹni tó bá ní kòtò, iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: dá táyà padà, rọra ti mọ́tò gorí kòtò, ti iwájú rẹ̀ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọlẹ̀, kí o de bóòtù nígbà tí mọ́tò dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí kò ní kòtò, kó ra tépù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan jáàkì rárá, ẹ wọn àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà, ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà náà sára pépà tẹ́ẹ̀pù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fẹ́ńdà níbẹ̀ kó má bàa sọnù. Ẹ gbé ara mọ́tò lé stand, irin ìdúró tí kì í sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe lé jáàkì. Nígbà tí ẹ bá ti kó gbogbo nǹkan padà, tí bóòtù ti wọlé ṣùgbọ́n tí ẹ ò tíì dè é le, ẹ gbé jáàkì kejì sábẹ́ lower arm lápá ibi tí ball joint, oríkèé tó so lower arm mọ́ ìdí wíìlì, wà, ẹ fi pákó tẹ́ orí jáàkì, ẹ máa ta á díẹ̀díẹ̀ títí tépù á fi padà ka ohun tí ẹ kọ sára fẹ́ńdà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti dè é. Tí ara mọ́tò bá fẹ́ gbéra lórí stand kí tépù tó débẹ̀, ẹ má fipá mú un, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ lọ yá kòtò aládùúgbò. Ìṣẹ́jú 10 ni gbogbo àfikún yìí gbà mí. Mo ti wọn ìyẹn náà.

Àwọn linkage stabilizer pẹ̀lú, ọ̀pá kékeré tó so ẹsẹ̀ mọ́ irin stabilizer tí kì í jẹ́ kí mọ́tò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bákan náà ni: tí ẹsẹ̀ kan bá ń rọ̀ tí èkejì wà nílẹ̀, irin stabilizer á máa fà wọ́n síra, ẹ óò sì fi òòlù bá a jà láìnídìí. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà ní dọ́gbadọ́gba. Kí ẹ sì di ìdí rẹ̀ mú nígbà tí ẹ bá ń de nọ́ọ̀tì, torí tó bá ń yí pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, awọ rọ́bà tó bo gíríìsì inú rẹ̀ ló ń ya.

Kí n kúrò lórí búṣìn. Búṣìn ń jẹ owó; spring ń jẹ èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí páànù tó lu. Mi ò ní sọ ìlà tó wà, ẹni tó mọ̀ mọ̀ ọ́n. Ọmọṣẹ́ kan ń tú ṣọ́kì iwájú mọ́tò kan, èyí tí spring, irin lílọ́ tó ń gbé mọ́tò, yí ká. Kò rí irin tí wọ́n fi ń há spring, ó bá fi wáyà so spring náà káàkiri, ó sì gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì orí. Wáyà náà dúró títí nọ́ọ̀tì fi kù díẹ̀ kó bọ́. Ọlọ́run ló ní kí sípánà jábọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Lórí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni mounting àti bearing orí rẹ̀ fò kọjá, wọ́n lu páànù, wọ́n sì bá ojú ọ̀run lọ. Oòrùn ń gba ihò náà wọlé títí dòní. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ẹ óò rí ìmọ́lẹ̀ bíi àwo kékeré lórí ilẹ̀, níbi tí orí ọmọ náà ì bá wà.

Nígbà tí Corolla bá dúró nílẹ̀, spring iwájú kọ̀ọ̀kan ń gbé tó 300 kg, àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà. Tí a bá yọ ọ́ kúrò lára mọ́tò, nọ́ọ̀tì kékeré orí yẹn nìkan ló kù tó dì í mú. Nítorí náà, irin méjì ló yẹ kó há spring, kí wọ́n kọjú síra wọn, ọ̀kan lápá yìí, èkejì lápá ọ̀hún. A ó máa de ọ̀kan díẹ̀, ká lọ sórí èkejì, ká padà, kí spring má bàa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì orí àfi tí a bá fi ọwọ́ mi spring tó sì ń mì fúnra rẹ̀ nínú àwo rẹ̀. Kí a má sì gbé ojú wa sí ọ̀gangan orí rẹ̀ rárá, bí a tilẹ̀ há a dáadáa. Àwọn kan nínú wa ń bọ Ògún, àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń kírun. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo wa. Spring ò bi ọmọ yẹn léèrè èyí tó ń ṣe.

Àwọn yòókù, mo máa sáré kọjá lórí wọn torí ẹ mọ̀ wọ́n, ó kàn jẹ́ pé a ń fò wọ́n ni. Ọ̀pá dídán ara ṣọ́kì, ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọṣẹ́ yéé fi páláyà dì í mú nígbà tó bá ń yí pẹ̀lú nọ́ọ̀tì. Ojú tí páláyà bá ti há kínńkín, ibẹ̀ ni á máa gé rọ́bà tó dí epo mọ́nú, oṣù méjì lẹ́yìn náà ẹ ó ní ṣọ́kì ń jò, ẹ ó sì ní ayédèrú ni. Orí ọ̀pá náà ní ibi tí wọ́n ṣe fún sípánà tàbí fún allen key, ẹ lò ó. Ṣọ́kì elépo tó ti ń sùn lórí pẹpẹ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ gbé e dúró, ẹ fà á jáde, ẹ tì í wọlé, bíi ìgbà márùn-ún, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè bọ́ sókè kí ẹ tó gbé e wọ mọ́tò. Ọ̀tún àti òsì la jọ ń pààrọ̀. Tuntun lápá kan àti arúgbó lápá kejì kì í bá ara wọn rìn. Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú, tí ẹ bá tú u, ẹ sọ ọ́ nù. Split pin pẹ̀lú, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fi gba inú nọ́ọ̀tì kó má bàa tú. Tí ihò split pin ò bá ṣe rẹ́gí, iwájú la ń de nọ́ọ̀tì sí títí ihò á fi bára mu, a kì í tú u sẹ́yìn. Caliper bíréèkì, irin tó ń fún páàdì bíréèkì, ẹ fi wáyà gbé e kọ́ (ibi tó yẹ kí wáyà ti ṣiṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe lára spring), ẹ má jẹ́ kó máa fi páìpù rọ́bà rẹ̀ rọ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ bó láwọ. Ibi tí ball joint ti ń wọ ihò rẹ̀, gbígbẹ ni wọ́n fẹ́ ẹ. Gíríìsì ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ti nọ́ọ̀tì táyà, mo máa dúró díẹ̀ lórí ẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Agbára tí Toyota kọ fún nọ́ọ̀tì táyà Corolla ni 103 Nm. Kí ni ìyẹn lójú ọmọṣẹ́? Tí sípánà bá gùn ní 40 cm, tí o sì fi ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kọ́ ìparí rẹ̀, o ti dé ibẹ̀. Ìdajì àpò o. Ẹ wá wo àwọn ọmọ wa: wọ́n á gbé páìpù bọ ìdí sípánà kó lè gùn sí i, wọ́n á gorí ẹ̀, wọ́n á máa fò bí ẹni ń jó fújì. Lọ́jọ́ tí táyà onímọ́tò bá jò ní gbàrágàdá oko, kò ní lè tú u, tàbí kí bóòtù já sí i lọ́wọ́. Mo ra torque wrench tòkunbọ̀ kan, sípánà tó ń wọn agbára. Èèyàn rò pé mo ń ṣe àṣehàn. Ó ń dún "ká" tó bá ti tó, ọmọ tó kéré jù ní ṣọ́ọ̀bù mi sì ti mọ̀ pé tó bá ti dún, iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Àwọn oníbàárà náà ò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Ẹni tó dúró tì wá, tó ń wo aago, tó ní òun ní ìgbéyàwó ní Ọ̀yọ́ ní aago mọ́kànlá, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú tépù. Ẹni tí ẹ bá sì sọ fún pé lẹ́yìn ẹsẹ̀ ṣíṣe, ó di dandan kó lọ ṣe alignment, ìyẹn títo táyà kó kọjú síbi tó yẹ, á ní mọ́tò òun ò fà. Kò tíì fà ni. Bóòtù méjì tó so ṣọ́kì mọ́ ìdí wíìlì ti kúrò ní ipò tó wà tẹ́lẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ fi máákà sàmì sí i kí ẹ tó tú u á ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò rọ́pò alignment. Ẹni tí kò bá san owó ìyẹn, táyà rẹ̀ ni á san án, ó sì lè jẹ́ apá inú táyà ni á kọ́kọ́ jẹ, níbi tí ojú kì í tètè dé. Àwọn tó ń ki bọ́ọ̀lù rọ́bà sáàárín spring kí mọ́tò lè ga, n óò kọ lẹ́tà tiwọn lọ́tọ̀.

Mi ò sọ pé kò sí ayédèrú lọ́jà. Ó wà ní Gate, ó wà ní Ládípọ̀ l'Ékòó, ó kún ibẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé a ti fi ayédèrú ṣe àkéte tí a ń dé sórí gbogbo àṣìṣe wa. Ẹni tó ń ta ọjà ò sí níbẹ̀ nígbà tí a de bóòtù, kò sì lè gbèjà ara rẹ̀.

Ohun tí mo wá ń tọrọ ò pọ̀. Ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ sí fúrídọ́ọ̀mù. Nígbà tí ọmọ bá ti lo ọdún rẹ̀ pé, a ń se ìrẹsì, a ń ra kóòkì, alága á gbàdúrà, a ó fún un ní ìwé, a ó ya fọ́tò. N kò ní ká má jẹ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n kí ìrẹsì tó jinná, ẹ gbé mọ́tò kan síwájú ọmọ náà ní gbangba. Kó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó ta jáàkì. Kó gbé e lé stand. Kó há spring kan, kó tú u, kó sì tò ó padà, kí àwọn ọ̀gá mẹ́ta dúró wò ó. Kó de bóòtù lower arm, kí a sì bi í pé "Kí ló dé tó fi jẹ́ ibí lo ti dè é?" Tí kò bá lè dáhùn, kó lo oṣù mẹ́ta sí i. Mo mọ̀ pé àwọn òbí á bínú, pé aṣọ ẹbí ti rán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú sí mi.

Èkejì ni irin tí wọ́n fi ń há spring. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló lè ra èyí tó dáa, èmi náà mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ra méjì tó nípọn nínú owó oṣooṣù wa, kó wà ní ọ́fíìsì akọ̀wé, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ wá yá a, kó kọ orúkọ sílẹ̀, kó dá a padà lálẹ́. A ní àga ìnáwó tí a ń yá ara wa. A ní kànópì.

Corolla ìyá olùkọ́, mo fi búṣìn olówó pọ́ọ́kú sí i, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, mo sì sọ fún wọn pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo dè é ní 37. Oṣù kẹrìnlá rèé. Wọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá ní Tuesday tó kọjá, níbi tí gọ́tà ti gé títì sí méjì yẹn. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi pa jẹnẹrétọ̀ kí n lè gbọ́ ohùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Táyà wọlé, táyà jáde. Wọ́n juwọ́ sí mi.

Búṣìn mẹ́fà àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi hákísọ̀ gé méjì nínú wọn sí ọ̀nà méjì kí inú rẹ̀ lè hàn, mo sì ti kan gbogbo wọn mọ́ pákó. N óò gbé e wá sí ìpàdé Sátidé tó máa parí oṣù yìí, pẹ̀lú lower arm kan, jáàkì méjì àti tépù. Ẹ bá mi fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ nínú ètò ọjọ́ náà. Mo bẹ̀ yín, kó ṣáájú ọ̀rọ̀ owó òkú.

Èmi ni ti yín nínú iṣẹ́,
Mẹkáníìkì ẹsẹ̀ mọ́tò kan, Ìbàdàn